Ẹ̀fọ́rí Túúlu àti Ìlera Ọkàn: A Dá Ẹ̀yin Òǹkàwé Wa Lóhùn

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú dáhùn lóṣù yìí. Ẹ̀fọ́rí ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n já sí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 38 sì ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 19 ni ẹ̀fọ́rí túúlu ti ń bá mi jà, apá kan orí ni ó sì máa ń mú. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìlà kọ́lọkọ̀lọ kan tí ń tàn yinrinyinrin máa ń yọ sí mi lójú, yóò máa fẹ̀ sí i fún bí ogún ìṣẹ́jú, débi pé n kò ní lè ka ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹlòmíràn ní ibi tí yóò já sí ni àrùn rọpárọsẹ̀. Ó ti di ọdún kẹrin tí mo ti ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró. Ṣé lóòótọ́ ni ọkàn mi wà nínú ewu?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, arábìnrin wa, tí ẹ sọ ohun tí ojú yín ń rí kí ẹ̀fọ́rí náà tó dé, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi túúlu méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, ẹ̀fọ́rí yóò kàn dé, èébì lè máa gbé ènìyàn, ariwo àti ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa ni í lára. Nínú èkejì, àmì kan ni ó máa ń ṣáájú, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní aura: ìlà tí ń tàn lójú, ìka ọwọ́ tí ń kú díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ọ̀rọ̀ máa ta kókó lẹ́nu, fún ìṣẹ́jú 5 sí 60. Oríṣi kejì yìí ni tiyín, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ní ọdún 1944, Aristides Leão, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Brazil, ṣàkíyèsí nínú ọpọlọ ehoro pé ìgbì kan lè là ọpọlọ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí iṣẹ́ ọpọlọ yóò máa rọlẹ̀ níbikíbi tí ìgbì náà bá dé. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa ìlà tí ń fẹ̀ lójú yín.

Ní ti ọkàn, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006 tọpa àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera 27,840 tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún bí ọdún 10. Láàárín àwọn tí túúlu wọn ní àmì aṣíwájú, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tí dídì ẹ̀jẹ̀ ń fà fi bí ìlọ́po méjì pọ̀ ju ti àwọn tí kò ní túúlu rárá lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò rí irú àfikún ewu bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí túúlu tiwọn kò ní àmì. Ìwádìí mìíràn, tí ó jáde ní Denmark lọ́dún 2018, fi àwọn onítúúlu 51,032 wé àwọn ènìyàn 510,320 mìíràn. Lẹ́yìn ọdún 19, nǹkan bí ẹni 25 nínú 1,000 onítúúlu ni ó ti ní ìkọlù ọkàn, nígbà tí ó jẹ́ 17 nínú 1,000 láàárín àwọn yòókù; ní ti rọpárọsẹ̀ tí dídì ẹ̀jẹ̀ ń fà, ó jẹ́ 45 sí 25.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye wọ̀nyí kà kí ẹ tó jẹ́ kí àyà yín já. Ewu náà pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí 975 nínú 1,000 onítúúlu ni kò ní ìkọlù ọkàn ní gbogbo ọdún 19 yẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ fún yín pé rọpárọsẹ̀ ni yóò já sí ti sọ àsọdùn, ó sì dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba oorun lójú àwọn aláìsàn. Ohun tí ó yẹ kí a bójú tó ni àwọn nǹkan mìíràn tí ó lè gun orí túúlu: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá, àti, nínú ọ̀rọ̀ tiyín, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Oògùn yìí ni n kò fẹ́ kí ẹ fojú kéré. Bí estrogen, ìyẹn èròjà kan tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀, bá wà nínú rẹ̀, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bẹ́ẹ̀ ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti là á kalẹ̀ pé kí obìnrin tí túúlu rẹ̀ ní àmì aṣíwájú má ṣe lò ó, ọjọ́ orí yòówù kí ó jẹ́. Ẹ mú páálí oògùn náà lọ bá nọ́ọ̀sì ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún un nípa ìlà tí ẹ ń rí. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ni kò sọ ọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tí ó bi wọ́n. N kò sọ pé kí ẹ pa ìfètò-sọ́mọ-bíbí tì o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Hóró oògùn tí kò ní estrogen wà, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá wà, èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ náà sì wà.

Ọ̀rẹ́ yín tí ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mo mọ ohun tí ó mú un sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fa ẹ̀fọ́rí, àfi bí ó bá ga gan-an, bíi 180 lórí 120. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga fún ọdún pípẹ́ tí orí kò fọ́ wọn rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n fún yín nígbà tí orí kò fọ́ yín. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90 nígbà gbogbo, ó yẹ kí dókítà dá sí i.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí àwọn ará ilé yín náà mọ̀. Àmì túúlu máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó máa ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn, yóò sì lọ. Rọpárọsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́jẹ́: lójijì ni ẹnu yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ní ṣeé gbé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò ní já geere. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, tàbí bí àmì tí ẹ ti mọ̀ bá kọjá wákàtí kan, kí wọ́n má ṣe fi àgbo tàbí àdúrà dá yín dúró nílé. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé yín lọ, àdúrà á máa bá yín lọ lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè: Awakọ̀ ni mí l'Abẹ́òkúta, ẹni ọdún 56. Túúlu ti ń ṣe mí láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan, ojoojúmọ́ ni. Oògùn ìyẹ̀fun tí ó ní aspirin àti caffeine ni mo máa ń lò láràárọ̀. Bí kò bá gbọ́, mo máa ń fi diclofenac kún un. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá mi, ó bá a ní 168 lórí 102. Àbúrò mi ti fi sumatriptan ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ṣé kí n lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ì tíì fọwọ́ kàn án. Oògùn túúlu gidi ni sumatriptan, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, títí kan èyí tí ń bọ́ ọkàn, nítorí náà a kì í fún ẹni tí ó ní àìsàn iṣan ọkàn, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, tàbí ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga bíi tiyín láìsí ìtọ́jú.

Diclofenac náà kò bá ọkàn yín rẹ́. Ó máa ń dá iyọ̀ àti omi dúró nínú ara, ó ń gbé ìfúnpá sókè, ó sì ń dá kún ewu ìkọlù ọkàn; bí ó bá tún pàdé aspirin nínú ikùn, ó lè mú kí ikùn máa ṣẹ̀jẹ̀. Mo sì fura sí i pé oògùn fúnra rẹ̀ ti wà lára ohun tí ń fọ́ yín lórí báyìí, nítorí pé ẹni tí ó bá ń lo oògùn tí a pò pọ̀ bíi ìyẹ̀fun yẹn fún ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tí ó ti kọjá oṣù mẹ́ta, lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀fọ́rí tí oògùn ń fà. Bí ẹ bá jáwọ́ nínú rẹ̀, orí náà lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí dókítà wà nítòsí. Ẹ̀fọ́rí tí ó yí padà lẹ́yìn ọdún 50 náà gbọ́dọ̀ rí àyẹ̀wò.

Inú mi dùn láti sọ fún yín pé àwọn oògùn kan wà tí ń wo ìfúnpá, tí wọ́n sì ń dín iye ìgbà tí túúlu ń wá kù: candesartan, metoprolol àti propranolol wà lára wọn. Àwọn tí àyà ń dùn nítorí àìsàn ọkàn ni wọ́n ń fún ní propranolol níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó ṣàkíyèsí ní ọdún 1966 pé ó ń dín túúlu kù. Bí ikọ́ fée bá ń ṣe yín, ẹ sọ fún dókítà kí ó má bàa kọ ọ́ fún yín.

Ìbéèrè: London ni mo ń gbé. Wọ́n rí ihò kékeré nínú ọkàn ìyá mi, túúlu sì ń ṣe wọ́n. Bí wọ́n bá dí ihò náà, ṣé túúlu yóò lọ?

Ìdáhùn: Gbogbo ọmọ inú oyún ni ó ní irú ihò yìí, nǹkan bí àgbàlagbà kan nínú mẹ́rin ni kò sì dí pátápátá fún. Òótọ́ ni pé ó wọ́pọ̀ sí i láàárín àwọn tí túúlu wọn ní àmì aṣíwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán dídí rẹ̀ wò ní Britain nínú ìwádìí MIST, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, kò lé túúlu lọ ju bí ó ti rí lára àwọn tí wọn kò dí tiwọn lọ. A kì í dí i nítorí túúlu nìkan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi dókítà ọkàn ìyá yín ni bóyá rọpárọsẹ̀ tí a kò rídìí rẹ̀ ti ṣe wọ́n rí, nítorí pé ìyẹn ni ó lè mú kí dídí ihò náà tó ohun tí a ń gbé yẹ̀ wò.