Ìdí tí package fi ń yọrí nílé tí ó sì ń kùnà lórí PPA

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí package yín (ètò tí a dì fún Ubuntu) fi ń yọrí lórí kọ̀ǹpútà yín, tí Launchpad, ìkànnì tí ń kọ́ package tí ó sì ń gbé e sínú PPA (ibi ìpamọ́ package tiyín), sì ń dá a padà pé òun kò rí zlib.h, fáìlì tí compiler (ètò tí ń sọ source code di ètò tó ń ṣiṣẹ́) nílò láti lo library zlib. Source code yín kò níṣòro. Kọ̀ǹpútà yín gan-an ni ó ń tàn yín jẹ. Gbogbo library tí ẹ ti kó sórí rẹ̀ tipẹ́ ni compiler ń rí lò láìjẹ́ pé ẹ kọ orúkọ wọn sínú debian/control, fáìlì tí a ń to ohun tí package nílò sí, nígbà tó jẹ́ pé Ubuntu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ ni Launchpad ń lò, èyí tí kò ní ju irinṣẹ́ ìpìlẹ̀ àti ohun tí ẹ bá tò sí Build-Depends, ìlà kan nínú debian/control, lọ.

Irú àyíká òfìfo bẹ́ẹ̀ ni sbuild ń ṣe fún yín nílé. Èmi kì í fọwọ́ kan dput, irinṣẹ́ tí a fi ń gbé package lọ sí Launchpad, mọ́ bí sbuild kò bá tíì yege. Ẹ lo apt-file láti wá package tó ni /usr/include/zlib.h, yóò dárúkọ zlib1g-dev, òun ni kí ẹ kọ, kì í ṣe zlib1g lásán, tí kò ní zlib.h nínú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Launchpad kì í jẹ́ kí package jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ó bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, nítorí náà npm install, àṣẹ tí ń wa library JavaScript láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí ó fi ojú mi rí màbo jù lọ ni nọ́ńbà ẹ̀dà. Launchpad kì í gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ tilẹ̀ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Fún Ubuntu 22.04, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ jammy, ẹ kọ 2.4-1~jammy1 sínú debian/changelog, fáìlì tí nọ́ńbà ẹ̀dà wà nínú rẹ̀; fún 24.04, tí ń jẹ́ noble, ẹ kọ 2.4-1~noble1. Àmì ~ yẹn ń mú kí apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń gba package sórí ẹ̀rọ, ka tiyín sí èyí tó kéré sí 2.4-1, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí Ubuntu fúnra rẹ̀ bá gbé 2.4-1 jáde, tiwọn ni yóò rọ́pò tiyín. Àwọn kan fẹ́ràn ~ubuntu24.04.1, wọ́n sì gbọ́n, nítorí pé lẹ́yìn ẹ̀dà Ubuntu tí ń jẹ́ zesty ní ọdún 2017, artful ni Ubuntu padà sí, ètò ábídí orúkọ sì dojú rú, nígbà tí nọ́ńbà ń lọ sókè.

Ẹ fi àṣẹ debuild -S -sa ṣe ti jammy, èyí tí ń fi orig.tar.gz (source code àtilẹ̀wá tí a dì) kún un, kí ẹ fi -sd, tí kì í fi í kún un, ṣe ti noble. Bí ẹ bá tún orig.tar.gz dì lẹ́ẹ̀kejì, àkóónú rẹ̀ lè yàtọ̀ bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, Launchpad yóò sì kọ̀ ọ́.