Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọjọ́ Kan Péré ní Párís

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń lọ kí àbúrò mi ní Lyon, Párís ni ọkọ̀ òfuurufú sì máa já mi sí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀ kí n tó wọ rélùwéè. Mo fẹ́ rí Notre-Dame, Louvre, Arc de Triomphe àti ilé gogoro Eiffel. Ṣé ó lè ṣeé ṣe? *(Ìyá aránṣọ, Àjàṣẹ́)*

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ìyá wa, àfi tí ẹ bá ní dandan ni kí ẹ wọ inú Louvre. Ààfin ọba ni tẹ́lẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ni báyìí, ìlà àtiwọlé nìkan lè jẹ ìdajì ọ̀sán yín. Ẹni tó bá ní òun wo Louvre tán lójúmọ́ kan, ìrìn ló rìn, kò wo nǹkan kan. Àgbàlá rẹ̀ tó yín, níbi tí pírámíìdì onígíláàsì tí wọ́n ṣí ní 1989 wà. Ọ̀fẹ́ ni ibẹ̀, fọ́tò tí gbogbo ayé sì ń yà níbẹ̀ náà lẹ máa yà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà oòrùn ìlú, kí ẹ máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ má baà máa lọ máa bọ̀. Ẹ wọ mẹ́tró (rélùwéè abẹ́ ilẹ̀) líìnì 4, kí ẹ sọ̀ ní Cité. Ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, torí ó máa ń ṣílẹ̀kùn kí aago 8 tó lù lọ́jọ́ iṣẹ́, àwọn èrò kì í sì í tíì pọ̀. 1163 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Iná jó òrùlé rẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin 2019, wọ́n sì tì í pa títí di oṣù Kejìlá 2024. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ògiri inú rẹ̀ funfun bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ́ ọ: ẹ̀gbin àti èéfín ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fọ̀ kúrò lára rẹ̀. A kì í sanwó wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ìwé ìwọlé ṣọ́ọ̀ṣì náà fún yín lójú pópó, gbájúẹ̀ ni.

Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún síbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan, Sainte-Chapelle, wà. Ẹ kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ fẹ́ sanwó fún lọ́jọ́ yẹn, òun ni kí ẹ mú. Ọba Louis Kẹsàn-án ló kọ́ ọ láti fi tọ́jú adé ẹ̀gún tí wọ́n gbà pé ti Jésù ni. 1248 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Ìsàlẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, òrùlé ibẹ̀ kò ga, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Àwọn àlejò kan máa ń rò pé ó ti tán nìyẹn, wọ́n á sì yí padà. Ẹ wá àtẹ̀gùn tóóró tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, kí ẹ gùn ún. Fèrèsé 15 ló wà lókè, èyí tó ga jù tó nǹkan bíi mítà 15, wọ́n fi gíláàsì búlúù àti pupa ya àwòrán ìtàn Bíbélì 1,113 sára wọn. Ìsàlẹ̀ la ti ń ka ọ̀pọ̀ jù nínú wọn lọ sókè. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, àwọ̀ náà á kú. Bí oòrùn bá ràn, àwọ̀ á bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á sì bọ́ sára aṣọ yín. Ẹ ti gba wákàtí tí ẹ máa wọlé sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú ọgbà ilé ẹjọ́ ló wà, wọ́n ń yẹ ẹrù wò bíi ti pápákọ̀ òfuurufú, nítorí náà, ẹ yọ àlùmọ́gàjí kúrò nínú báàgì kí ẹ tó kúrò nílé.

Láti ibẹ̀, ẹ gba orí Pont Neuf kọjá. Orúkọ rẹ̀ ń sọ pé afárá tuntun ni, bẹ́ẹ̀ òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo afárá ìlú náà. 1607 ni wọ́n parí rẹ̀. Ẹ ya àgbàlá Louvre, kí ẹ sinmi lórí àga aláwọ̀ ewé inú ọgbà Tuileries (ọ̀fẹ́ ni), kí ẹ jẹun tí ẹ gbé dání. Ní ìpẹ̀kun ọgbà náà ni Place de la Concorde wà, níbi tí wọ́n ti bẹ́ orí ọba Louis Kẹrìndínlógún ní 1793. Òpó òkúta tó wà láàárín rẹ̀, láti Luxor ní Íjíbítì ni wọ́n ti gbé e wá, wọ́n sì nà án ró ní 1836.

Ẹ má fẹsẹ̀ rin Champs-Élysées. Kìlómítà méjì ni, ilé ìtajà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mẹ́tró líìnì 1 á gbé yín láti Concorde dé Charles de Gaulle-Étoile. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ gbà dé ìdí Arc de Triomphe, ẹnubodè ìṣẹ́gun náà. Ọkọ̀ tó ń yí i ká kì í dúró de ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ líìnì 6, kí ẹ jókòó lápá òsì: láàárín Passy àti Bir-Hakeim, mẹ́tró náà á jáde sórí afárá, ẹ ó sì rí Eiffel lódindi lórí odò Seine. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń tàn yẹbẹyẹbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹfà, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago 10 alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Nínú oṣù Kejìlá, kò ní tó aago 5.

Ìbéèrè: Màmá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún àti ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́sàn-án la jọ ń lọ. Kí ni wọ́n lè gùn? Báwo la sì ṣe ń sanwó mẹ́tró? *(Tíṣà, Kétu)*

Ìdáhùn: Àtẹ̀gùn 284 ló wà nínú Arc de Triomphe, ẹ jẹ́ kí màmá dúró nísàlẹ̀ níbi iná sójà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń tún dá ní aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Ti Eiffel rọrùn, ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ti téńté òkè pátápátá máa ń tètè tán. Ọjọ́ 60 ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ fún títà, ẹ má fi falẹ̀. Àtẹ̀gùn 674 ni títí dé àjà kejì, ọmọ yín lè gùn ún, tí ẹ̀yin náà bá lè bá a gùn ún.

Mẹ́tró gan-an ló máa dá màmá lágara, torí ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ni kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú omi Batobus ló dáa fún un. Ó ń dúró nítòsí Eiffel, Louvre àti Notre-Dame.

Ẹ ra káàdì Navigo Easy ní yúrò 2, orí rẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé ọkọ̀ sí. Olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Èèyàn méjì kò lè jọ fi káàdì kan wọlé. Ní 2025, yúrò 2.50 ni ìrìn kan ní mẹ́tró, ìyẹn nǹkan bíi sẹ́fà 1,640, ó sì máa ń fò sókè díẹ̀ bí ọdún bá yí. Bọ́ọ̀sì ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó fi ìwé mẹ́tró wọ bọ́ọ̀sì, ìtanràn ló ń wá. Ìwé mẹ́tró kò sì bo pápákọ̀ òfuurufú.

Ìbéèrè: Ṣé ìtẹ́ àti ère àwọn ọba Dànhọ̀mẹ̀ ṣì wà ní Párís? Mùsùlùmí ni mí, ibo ni mo tún lè yà? *(Awakọ̀, Ṣábẹ̀ẹ́)*

Ìdáhùn: Rárá, àwọn 26 tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn wọn ti padà dé Kùtọnu lóṣù Kọkànlá 2021. Àwọn ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, ló kó wọn ní 1892. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu lẹ mọ ojú tí ẹ ó fi wo ìtẹ́ wọ̀nyẹn, torí Dànhọ̀mẹ̀ yìí kan náà ló fọ́ Kétu ní 1886. Ẹrù Áfíríkà ṣì pọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly, nítòsí Eiffel. Kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé.

Ẹ ya Panthéon, ibi ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá Faransé, níbi tí wọ́n sin Félix Éboué, gómìnà Faransé ní Áfíríkà, sí ní 1949, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Mọ́sálásí Ńlá Párís. 1926 ni wọ́n ṣí i, ní ìrántí àwọn Mùsùlùmí tó kú sójú ogun fún Faransé. Ilé gogoro tí wọ́n ti ń pe ìrun ga tó mítà 33. Tó bá jẹ́ àbẹ̀wò lẹ fẹ́, ẹ má lọ ní Jímọ̀, ìrun nìkan ni ọjọ́ náà wà fún.