Ohun tí ẹ̀mí rà: kí ni at.óow lédè Tlingit?

Ìbéèrè: "Mo gbọ́ pé àwọn Tlingit, ọmọ onílẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn Aláskà, máa ń pe orin, orúkọ, fìlà, àti òkè pàápàá, ní at.óow. Ṣé dúkìá náà ni wọ́n ń sọ?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ èdè wọn tí mo mọ̀, èyí ló wọ̀ mí lára jù. Dúkìá ni lóòótọ́, àmọ́ dúkìá tí a rà ni, ẹ̀mí aráalé ẹni ni wọ́n sì sábà fi ń san owó rẹ̀.

Ẹ wo ìdílé Chookaneidí ní gúúsù ìlà-oòrùn Aláskà. Ibi tí a mọ̀ sí Glacier Bay lónìí ni wọ́n ń gbé látijọ́. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà wà ní ìhámọ́, bí àṣà wọn. Ó mú ẹja gbígbẹ, ó ń fi pe òkè yìnyín tó wà lókèèrè bí ẹni ń pe ajá. Yìnyín gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀. Gbogbo ìlú kó sínú ọkọ̀, obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó sílé. Àwọn kan ní ọmọbìnrin náà ni, àwọn mìíràn ní ìyá àgbà rẹ̀ ni. Lójú wọn lórí omi ni yìnyín ṣe bo ilé náà mọ́ ọn lórí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá orin arò. Òkè yìnyín yẹn, ìtàn yẹn, orin yẹn, gbogbo rẹ̀ di at.óow Chookaneidí. Ìdílé mìíràn kò gbọdọ̀ kọ orin náà láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá mọyì oríkì orílẹ̀ tirẹ̀ yóò tètè lóye èyí, àfi pé ìdílé ìyá ni ọmọ Tlingit ń bá lọ.

Ìgbà ọ̀fọ̀ ni at.óow máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀nà méjì ni Tlingit pín sí, Ẹyẹ Ìwò àti Idì, lábẹ́ àṣà wọn, ọ̀nà kejì ni wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó. Bí ọmọ Ìwò bá kú, àwọn Idì ló ń sin ín. Tó bá tó bí ọdún kan, àwọn ọlọ́fọ̀ á pè wọ́n síbi ku.éex', ìyẹn àsè ìparí ọ̀fọ̀, wọ́n á bọ́ wọn, wọ́n á sì fún wọn lẹ́bùn. Níbẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń dìde pẹ̀lú at.óow tiwọn, bí aṣọ Chilkat tí wọ́n fi irun ewúrẹ́ orí òkè àti èèpo igi kédárì hun, wọ́n á fi tu ọlọ́fọ̀ nínú. Omijé tí kò rí at.óow dá a lóhùn kò tíì gbẹ.

Ní October 1882, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà yìnbọn lu ìlú Angoon, wọ́n dáná sun ilé àti oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́ de ìgbà òtútù, wọ́n fọ́ àwọn ọkọ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló yè, òun ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ kí wọ́n má baà kú. Ère ẹranko biifá (beaver), tí òun náà jẹ́ at.óow, ló wà ní imú rẹ̀. Ní 1999, àwọn ará Angoon kan wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, wọ́n rí imú ọkọ̀ náà, wọ́n sì dá a mọ̀. Ọdún yẹn náà ló padà sílé.