Ẹ Bi Wá Léèrè: Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé, Ẹyin Tó Dáwọ́ Dúró àti Èyí Tó Yẹ Ká Pa Jẹ

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ìdajì wọn ló dẹ̀ jẹ́ orí ẹyin tí ò jáde mọ́. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Adìẹ mẹ́fà ni mo ní lẹ́yìnkùlé, ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń yé dáadáa, àfi bí wọ́n ṣe dáwọ́ dúró báyìí. Ìyẹ́ wọn kún gbogbo àgbàlá. Ẹnì kan ní kí n lọ ra antibáyọ́tíìkì sómi wọn. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ fowó yín sápò ná. Ìyẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń gbá lójoojúmọ́ yẹn ló ti dá yín lóhùn. Adìẹ tó ti yé fún bí ọdún kan máa ń re ìyẹ́ tó ti gbó kó lè hu tuntun, prótíìnì ló dẹ̀ pọ̀ jù nínú ìyẹ́, ara ẹ̀ ò lè máa hu ìyẹ́ kó tún máa ṣe ẹyin, torí náà á pa ẹyin tì fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Kì í ṣe àìsàn, oògùn kankan ò dẹ̀ lè lé e lọ. Ẹ fún wọn lóúnjẹ tí prótíìnì ẹ̀ pé, kẹ́ ẹ má dẹ̀ máa gbé wọn lásán torí ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ máa ń dùn wọ́n.

Ẹ̀yin tí ìyẹ́ adìẹ yín ò já ńkọ́? Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹyin, omi ni. Tóòrùn bá mú, adìẹ kan ṣoṣo lè mu tó ìdajì lítà lóòjọ́, tómi bá wá tán lọ́sàn-án gangan tẹ́ ò dẹ̀ rí i àfi alẹ́, ẹ má bínú tẹ́ ò bá rí ẹyin lọ́la. A máa ń sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀, òwe yẹn dáa ṣùgbọ́n adìẹ kì í làágùn rárá o, ẹnu ló máa ń là sílẹ̀ táá máa mí hẹlẹhẹlẹ kára ẹ̀ lè tutù, omi ara ẹ̀ ló dẹ̀ ń bá èémí yẹn jáde.

Lẹ́yìn omi, ẹ wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Adìẹ tó ń yé nílò oúnjẹ tí prótíìnì inú ẹ̀ tó 16 sí 18 nínú 100, àgbàdo nìkan ò dẹ̀ tó 10, ìdí nìyẹn táwọn tó ń da àgbàdo sílẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ fi ń rí adìẹ tó sanra tí ò yé nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ náà wà ńbẹ̀: wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ ló dáa. Níbi tí ojúmọ́ bá ti kúrú, ẹ tan gílóòbù kékeré ní ìdájí, ẹ má fi sí alẹ́, torí tẹ́ ẹ bá pa á lójijì wọn ò ní ríran débi tí wọ́n máa ń sùn.

Tí adìẹ bá kára jọ sójú kan, tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tàbí tí ọrùn ẹ̀ lọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n ní àkùkọ kí adìẹ mi tó lè yé?

Ìdáhùn: Rárá o. Á yé, kò kàn ní di ọmọ ni. Tó bá jẹ́ òròmọdìẹ lẹ fẹ́, ẹ wá àkùkọ, ẹyin á dẹ̀ lo bí ọjọ́ 21 lábẹ́ ìyá ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyin jíjẹ nìkan, ẹ jẹ́ káwọn aládùúgbò yín sùn.

Ìbéèrè: Adìẹ mi ń fọ́ ẹyin ara wọn jẹ. Wọ́n ní kí n gé wọn lẹ́nu.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, èèpo ẹyin tó fẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ ń fọ́ fúnra ẹ̀, ni wọ́n á bá tọ́ ọ wò, ó dẹ̀ dùn. Kálísíọ̀mù, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí èèpo ẹyin le, ni wọ́n ń wá. Ẹ fọ́ ìkarawun sí wẹ́wẹ́, ẹ bù ú sínú abọ́ ọ̀tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ, èyí tó nílò ẹ̀ á lọ jẹ ẹ́, torí pé kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù máa ń ba kíndìnrín àwọn ọmọ adìẹ jẹ́. Èèpo ẹyin náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kó má jọ ẹyin lójú wọn. Kí ìtẹ́ wọn ṣókùnkùn díẹ̀, ọ̀kan fún adìẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ dẹ̀ kó ẹyin ṣáájú ọ̀sán.

Ìbéèrè: Màámi ní ká pa àwọn adìẹ ẹyin tó ti dàgbà jẹ, ọkọ mi ní bùróílà, ìyẹn adìẹ tí wọ́n ń sìn torí ẹran, ló lẹ́ran. Ta lẹ gbè lẹ́yìn?

Ìdáhùn: Ẹ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé yín, mi ò sí ńbẹ̀! Tó bá jẹ́ ẹran púpọ̀ kíákíá, bùróílà ni, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ó ti tó pa, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ fi sílẹ̀ pẹ́ jù, ẹsẹ̀ àti ọkàn ẹ̀ ò ní gbé ara ńlá yẹn. Adìẹ ẹyin ò lẹ́ran tó bẹ́ẹ̀, ó tún yi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rọra sè é pẹ́ lórí iná kékeré, omi ẹran ẹ̀ dùn ju ti bùróílà lọ, ìyẹn mo lè búra.

Kẹ́ ẹ má baà lọ pa èyí tó ṣì ń yé, ẹ fọwọ́ kan eegun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí ẹ̀. Ìka méjì sí mẹ́ta á gba àárín eegun èyí tó ń yé, ti èyí tó ti dáwọ́ dúró, agbára káká ni ìka kan fi máa wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ti lo oògùn fún wọn, ẹ ka ara páálí ẹ̀, iye ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dúró kẹ́ ẹ tó jẹ ẹran tàbí ẹyin wọn wà ńbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má fún wọn lóúnjẹ, omi nìkan, kí ìfun wọn lè mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti pa á tán, ẹ fi sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó sè é, tẹ́ ẹ bá sè é lójú ẹsẹ̀ á le.