Ìlú etíkun tí Obama bẹ̀ wò: kí ni ó yẹ kí ará Ẹ̀gbá wò níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ wa ní Aké, Abẹ́òkúta, ń gbèrò láti lọ sí Cape Coast ní orílẹ̀-èdè Gánà, nítorí a gbọ́ pé ìlú etíkun náà ni Ààrẹ Barack Obama ti Amẹ́ríkà bẹ̀ wò. Àwọn kan nínú wa ní tí a bá ti wo ilé olódi tí ààrẹ náà wọ̀, kò sí ohun mìíràn láti wò mọ́, kí a tètè padà sí Accra lọ ra ọjà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Olùkàwé yín, Aké)

ÌDÁHÙN: Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi ọjà Accra dí ọ̀nà ìlú náà. Lóòótọ́ ni Obama, Michelle ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì wọ ilé olódi Cape Coast ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2009, lẹ́yìn tí ó ti bá àwọn aṣòfin Gánà sọ̀rọ̀ ní Accra lọ́jọ́ kan náà. Wàláà ìrántí tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣí aṣọ lójú rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àlejò a sì máa dúró tì í ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà lè ya tiyín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ òun ni ẹ tìtorí rẹ̀ lọ.

Àwọn ará Swídìn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ odi síbẹ̀ ní 1653. Ọwọ́ àwọn òyìnbó mìíràn tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wọn, kí ó tó di ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó ìjọba rẹ̀ ní Gold Coast (orúkọ tí wọ́n ń pe Gánà nígbà náà) títí di 1877, nígbà tí wọ́n kó olú-ìlú lọ sí Accra. Nínú àjà ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn lọ. Tí ẹ bá wọlé, ẹ má kánjú jáde. Ẹ dúró kí ojú yín mọ́ òkùnkùn náà, kí ẹ wá wo ilẹ̀: ẹ ó rí ojú gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ sí i fún ìgbẹ́ àti ìtọ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n há mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí ihò kékeré lókè pátápátá, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó, tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gbà wọlé. Lórí àjà ilẹ̀ yìí gan-an ni àwọn òyìnbó kọ́ ilé ìjọsìn wọn sí. Obama fúnra rẹ̀ mẹ́nu bà á lọ́jọ́ náà, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ ìjọ dúró níbẹ̀ kí wọ́n ronú sí i dáadáa, nítorí ẹni tí ń kọrin ìyìn lókè kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀.

Ní àgbàlá, ẹ wá ibojì Philip Quaque. Ọmọ Fante, ẹ̀yà kan ní etíkun Gánà, ni, wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kékeré, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ní 1765. Ó padà wálé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọ́ àwọn ọmọ níwèé nínú ilé olódi kan náà yìí títí ó fi kú ní 1816. Ẹ wò ó bí ọjọ́ ti jìn tó kí wọ́n tó fi Àjàyí Crowther wa jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864!

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò yín jù lọ kò sí nínú ilé olódi náà. Ẹ béèrè ọ̀nà ilé ìjọsìn Wesley ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Thomas Birch Freeman, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Cape Coast ní 1838, ọdún náà ni wọ́n sì ṣí ilé ìjọsìn yìí. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wọkọ̀ ojú omi láti Cape Coast wá sí Badagry ní 1842, òun àti William de Graft, ọmọ Fante, tí ó fi sílẹ̀ ní Badagry láti máa bójú tó iṣẹ́ ìjọ. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé, ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Freeman dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, aṣíwájú Ẹ̀gbá, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Henry Townsend, oníwàásù ìjọ Áńgílíkà tí gbogbo wa mọ̀, kò tíì dé Abẹ́òkúta nígbà náà. Ó di oṣù Kìíní 1843. Nítorí náà, ẹsẹ̀ oníwàásù tí ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ilé yìí ni ó ti gbéra. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta ti lọ sí Cape Coast, tí wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, kí ẹ má bàa máa sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n gbà kó àwọn baba wa lọ. Ẹ̀bá òkun tiwa níhìn-ín, Ouidah, Badagry àti Èkó, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n tà gbà lọ. Gẹ̀ẹ́sì sì ti fòfin de òwò ẹrú ní 1807, kí ogun tó tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, tí àwọn tó ṣẹ́ kù fi sá wá sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830.

Tí àyè bá ṣì wà, ẹ gun òkè dé Fort William àti Fort Victoria, kí ẹ sì wo ilé ìwé Mfantsipim, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, níbi tí Kofi Annan ti kàwé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání lọ sí ilé olódi Cape Coast, mo ní kò yẹ, nítorí ibi ìbànújẹ́ ni. Èwo ni kí a ṣe? (Olùkàwé láti Ìtòkò)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Malia Obama nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ síbẹ̀, Sasha sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohun tí mo máa bẹ ẹ̀gbọ́n yín ni pé kí wọ́n ti sọ ìtàn náà fún wọn nílé ṣáájú, kí ó má jẹ́ inú òkùnkùn àjà ilẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí wọ́n sì jọ gba ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ àwọn apẹja ni ó kún etí omi, àwọn ènìyàn ń tún àwọ̀n ṣe. Tí wọ́n bá bojú wẹ̀yìn, wọn yóò rí i pé wọ́n kọ Ilẹ̀kùn Ìpadàbọ̀ sára ẹnu-ọ̀nà kan náà lápá ọ̀hún. Ní 1998, wọ́n gbé egungun àwọn ọmọ ìran ẹrú méjì tí wọ́n kú sí òkè òkun padà gba ibẹ̀ wọlé, Crystal láti Jàmáíkà àti Samuel Carson láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì sin wọ́n sí Assin Manso, lẹ́bàá odò tí wọ́n ti ń wẹ̀ fún àwọn ẹrú kí wọ́n tó kó wọn dé etíkun.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Elmina náà ni Cape Coast? Kí ni a sì nílò ní ọ̀nà? (Olùkàwé láti Sápọ́n)

ÌDÁHÙN: Ìlú ọ̀tọ̀ ni Elmina, kò sì jìnnà sí Cape Coast. Àwọn Potogí ni wọ́n kọ́ ilé olódi tirẹ̀ ní 1482, ibẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì há Prempeh, ọba Àṣáńtì, mọ́ kí wọ́n tó lé e kúrò nílùú. Ẹ lè wo méjèèjì lọ́jọ́ kan, bí ẹ bá jí lọ.

Tí ẹ bá gba ọ̀nà ilẹ̀, Seme, Cotonou, Lomé àti Aflao ni ẹ ó gbà dé Accra. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù mú ìwé ìrìnnà tí kò tíì kú dání, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa.