Wọ́n ní ká wá jẹun ọ̀sán nílé ọtí

ÌBÉÈRÈ
Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Thamesmead ní London là ń gbé. Òyìnbó kan tí ọmọ wọn ń bá tèmi ṣọ̀rẹ́ pe gbogbo wa fún oúnjẹ ọ̀sán Sunday tó ń bọ̀ ní Spaniards Inn, pub àtijọ́ kan ní Hampstead. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 16. Bàbá wọn ti fárígá: òun ò ní kó ọmọ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sílé ọtí. Èmi ní tèmi, owó ló ń bà mí lẹ́rù, torí àdúgbò olówó ni. Kí ni ká ṣe? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò: ilé bíà tiwa, àga oníke, orin tó ń dún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Irú pub tí wọ́n pè yín sí yìí kọ́ nìyẹn. Lọ́sàn-án Sunday, ìyá àgbà, ọmọ ọwọ́ àti ajá ló máa ń kún irú ibẹ̀. (Ajá o! Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí, ẹ má fò sókè.)

Ti òfin kò le. Ọmọ ọdún 16 tàbí 17 lè mu bíà, wáìnì tàbí cider tó bá ń jẹun lórí tábìlì, bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú rẹ̀ tó sì jẹ́ pé àgbàlagbà náà ló rà á. Nítorí náà, àwọn tó pè yín lè fi lọ àwọn ìbejì, wọn ò sì ní rò pé àwọn ṣe nǹkan tó burú. Ẹ ti sọ ìpinnu yín fún àwọn ọmọ nílé, kó má di pé bàbá wọn ń fojú sọ̀rọ̀ níwájú àlejò.

Lórí oúnjẹ, mo ní ẹ̀rí. Ìdílé wa lọ sí irú ibẹ̀ kan lọ́dún tó kọjá, n ò ní dárúkọ ẹ̀. Roast ni wọ́n máa ń jẹ lọ́jọ́ Sunday: ẹran, ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì, gravy (ọbẹ̀ omi ẹran), àti Yorkshire pudding, tí kò dùn bí orúkọ rẹ̀. Ìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì ni, ó wú nínú ààrò títí inú rẹ̀ fi ṣófo bí ago, inú ibẹ̀ ni gravy ń dúró sí. Ọkọ mi ní òun fẹ́ ẹran màlúù. Wọ́n gé e pẹlẹbẹ wá, àárín rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn. Ó wo àwo, ó wò mí, ó tún wo àwo. Mo ní kó dá a padà, ó ní òun ò fẹ́ ìtìjú. Ọ̀dùnkún nìkan ló jẹ, ó di ilé kó tó ro ẹ̀bà. Ẹ ní kí wọ́n bá yín mú èyí tó jinná dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ mú adìyẹ. Kò sí ata. Horseradish, gbòǹgbò kan tí wọ́n lọ̀, ló wà, imú ló ń ta, kì í ta ahọ́n.

Owó wàyí. Nílé, ẹni tó peni ló ń sanwó. Níbí, ó lè jẹ́ pé kálukú á san tirẹ̀. Ẹ wo iye oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi tẹ́ẹ̀sì bi wọ́n léèrè tẹ́lẹ̀, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ ka bíìlì dáadáa, torí wọ́n sábà máa ń fi 12.5% kún un fún àwọn tó gbé oúnjẹ wá. Àwa ò rí i, a tún fi pọ́n-ùn mẹ́wàá sílẹ̀ lórí tábìlì! Ti ohun mímu, bí àjọ ni: ẹnì kan á ra ti gbogbo yín, ẹlòmíràn á rà tẹ̀lé e. Kí Bàbá Ìbejì dìde nígbà tó bá kàn wọ́n, kódà kó jẹ́ lemonade ni tiwọn.

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 210 láti Golders Green. Ilé tollgate àtijọ́ dojú kọ pub náà, ojú títì sì fún débi pé mọ́tò kan ní láti dúró kí èkejì kọjá. Wọ́n ní pub náà ti wà láti 1585. Ní June 1780, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé adájọ́ àgbà Mansfield ní Bloomsbury, wọ́n wá dorí kọ Kenwood, ilé rẹ̀ kejì, tó wà nítòsí pub yìí. Ìtàn wọn ni pé onílé ọtí náà ń bu ọtí fún wọn títí sójà fi dé, wọn ò sì rí Kenwood sun. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ń gbé ní Kenwood nígbà náà, Dido Belle, tó tó bí ọmọ ọdún 19. Ẹrú ni ìyá rẹ̀, ọmọ ìyá Mansfield ló bí bàbá rẹ̀. Mansfield ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló sì dá ẹjọ́ ẹrú kan tó ń jẹ́ Somerset ní 1772, pé wọn ò lè fipá kó ẹrú kúrò ní England. Ẹ sọ èyí fún Bàbá Ìbejì kí wọ́n tó tún bú ilé ọtí!

Bẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Kenwood, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ má pẹ́ jù nídìí oúnjẹ, wọ́n ń tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Bàtà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀ o. Ẹrọ̀fọ̀ Hampstead Heath, pápá ńlá ibẹ̀, ò mọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì.