Ẹ Bi Wá Léèrè: Orin fún fíìmù ẹbí àti ọgbà ìgbafẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀, mo sì fẹ́ máa ṣe orin sí fíìmù tí òbí àtọmọ jọ ń wò, kí n fi jẹun. Wọ́n fún mi ní fíìmù kékeré kan láti fi dánra wò. Gbogbo ìṣísẹ̀ ajá inú rẹ̀ ni mo fi ìlù gbè, àmọ́ olùdarí fíìmù ní orin náà ti pọ̀ jù. Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀? (Oníkíbọ́ọ̀dù)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni olùdarí sọ. Ojú ọmọdé ti rí i pé ajá ń rìn. Ohun tí ojú kò rí lorin wà fún: bóyá ẹ̀rù ń ba ajá náà ni, àbí àárò ilé ló ń sọ ọ́. Ẹ mú ibi méjì tàbí mẹ́ta péré nínú ìran kan tí ìlù gbọ́dọ̀ ti bá àwòrán pàdé, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù máa ṣàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rárá, ẹ bá olùdarí jókòó, kí ẹ jọ wo fíìmù náà látòkè délẹ̀. Ẹ kọ ibi tí orin kọ̀ọ̀kan yóò ti wọlé sílẹ̀, ibi tí yóò ti jáde, àti ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ẹ rí i dájú pé wọn ò ní gé fíìmù náà mọ́. Tí wọ́n bá yọ ìṣẹ́jú àáyá 2 péré lẹ́yìn tí ẹ ti ṣorin tán, gbogbo ibi ìpàdé tó kù nínú ìran yẹn ti yẹ̀ nìyẹn.

Ìṣirò ló máa ń le fún ọ̀pọ̀ olórin. Àwòrán 24 ni sinimá máa ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlù yín bá ń lu 120 nínú ìṣẹ́jú kan, ìlù kọ̀ọ̀kan gba àwòrán 12. Ká ní ajá bẹ́ sódò ní ìṣẹ́jú àáyá 14.25 lẹ́yìn tí orin bẹ̀rẹ̀. Ní 120, àárín ìlù méjì gan-an ló bọ́ sí, etí á sì mọ̀ pé orin tàsé. Ẹ dín in kù sí 118. Ìlù 28, ìyẹn ọ̀wọ́ méje tí ìlù mẹ́rin wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á parí ní nǹkan bíi 14.24, ìlù tó ṣí ọ̀wọ́ kẹjọ á sì bá omi pàdé. Ìyàtọ̀ tó kù kò tó àwòrán kan.

Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe gbé orin sórí ìwọ̀n ohùn kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí fayolín ńlá di ohùn ìsàlẹ̀ mú pẹ́, kí fèrè máa dáhùn níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dánu dúró.

Olùdarí sì lè ti fi orin ẹlòmíì sínú fíìmù náà fúngbà díẹ̀, kí etí rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ẹ bi í ohun tó fẹ́ràn níbẹ̀, ìyára rẹ̀ ni àbí irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má dà á kọ o, ẹjọ́ ń bẹ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ṣe orin ìṣẹ́jú 3 fún ibi tí èrò ti ń tò láti wọ ọkọ̀ ìṣeré nínú ọgbà ìgbafẹ́. Bó bá parí tó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ó máa ń já létí. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ní ó ti sú àwọn. (Ẹni tó fẹ́ mọ̀)

Ìdáhùn: Ìró tó máa ń kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá kúrò lórí dùùrù lẹ gé dànù. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba orin náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra láìdúró, kí ẹ wá gé ẹlẹ́ẹ̀kejì lò. Ìró tó kù láti òpin àkọ́kọ́ á ti wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oríkèé á sì so. WAV, irú fáìlì tí kì í fún orin pọ̀ bíi MP3, ni kí ẹ fi ránṣẹ́. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ bíńtín kún orí àti ìdí fáìlì, bíńtín yẹn gan-an sì létí ń mú.

Ti àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tó bá ṣe wákàtí 8 lẹ́nu iṣẹ́ ti gbọ́ orin ìṣẹ́jú 3 nígbà 160. Ta ni kò ní sú? Ẹ ṣe é tó wákàtí kan, kó di ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ó kéré tán, kó gùn ju àkókò tí ẹni tó pẹ́ jù lórí ìlà ń lò lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó kásẹ̀ ńlẹ̀ bí orin fíìmù. Ẹni tó ń rìn kọjá lè dé nígbàkígbà, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin fún un. Ohùn rírọ̀ jẹ́jẹ́ kò wúlò níbẹ̀, igbe ọmọdé á bò ó.

Ẹ tún ro ti orin tó wà lágbègbè kejì. Iṣẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Robert àti Richard Sherman fún "It's a Small World," ìṣeré tí èrò ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò, ní ibi àfihàn àgbáyé New York ní 1964, ṣì ni àpẹẹrẹ tó dáa jù lójú wa. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ láti yàrá dé yàrá, èdè orin sì ń yí padà. Kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pa pọ̀) kan náà ló wà lábẹ́ lílé àti ègbè, débi pé a lè kọ méjèèjì pọ̀ láìforí gbárí. Ohun tó bá jò wọlé láti yàrá kejì kò lè ba tibí jẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fún àwọn agbègbè tó múlé ti ara wọn ní ìyára kan náà àti ohùn ìpìlẹ̀ kan náà.

Ìbéèrè: Owó ńkọ́? (Oníkíbọ́ọ̀dù kan náà)

Ìdáhùn: Ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa bóyá owó tí wọ́n dá lé e ti kó owó sítúdíò àti tàwọn olórin mọ́ra. Bí ó bá kó o mọ́ra, ẹ ṣírò ìyẹn ná kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tí ẹ máa tún orin ṣe sínú rẹ̀. Fún fíìmù, ẹ rí i pé wọ́n kọ ìwé tó ní àkọlé orin kọ̀ọ̀kan, bó ṣe gùn tó, orúkọ yín àti bí wọ́n ṣe lò ó. Òun ni ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ olórin fi ń mọ ẹni tí wọ́n máa san án fún. Ní Amẹ́ríkà, ilé sinimá kì í san irú owó ẹ̀tọ́ yìí. Tẹlifíṣọ̀n ló ń san án, àti ilé sinimá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ọgbà ìgbafẹ́ sábà máa ń ra orin pátápátá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ má ṣe dá iye rẹ̀ bíi pé owó kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.